Ta Ló Ni Orí Omi? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn àti Ẹ̀tọ́ Àwọn Apẹja Tó Ń Gbé Orí Ọ̀sà

Onílẹ̀ Èkó ń pè wọ́n ní àtìpó. Ìwé ìjọba ń pè wọ́n ní ẹni tó kọ́lé láìgbàṣẹ. Àwọn oníròyìn òkè òkun ń pe ibùgbé wọn ní Venice ilẹ̀ Áfíríkà, bí ẹni pé ojú kò lè rí wọn àfi tí a bá kọ́kọ́ fi ìlú ẹlòmíràn júwe wọn. Àwọn fúnra wọn, apẹja ni wọ́n ní àwọn jẹ́. Orúkọ mẹ́rin fún àwọn ènìyàn kan náà, ìdájọ́ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí à ń wí ni àwọn ìdílé tí ilé wọn wà lórí òpó nínú omi, láti adágún Nokoué létí Kútọnú, gba Àgbádárìgì wá sí ọ̀sà Èkó, títí dé etíkun Ìlàjẹ. Ègùn ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn ní Èkó. Ìlàjẹ àti Ìjọ wà pẹ̀lú wọn. Láyé àtijọ́, àwọn Tanka ti gúúsù Ṣáínà àti Hong Kong máa ń bímọ sínú ọkọ̀, wọ́n máa ń tọ́ ọ dàgbà sínú ọkọ̀. Ìyẹn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní tiwa, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, ilé orí òpó ni ibùsùn.

Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe dé orí omi, ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n sì ní níbẹ̀? Ó yẹ kí ìbéèrè méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dáhùn èkíní ti máa ń dọ́gbọ́n dáhùn èkejì. Ẹni tó ní àná ni wọ́n dé ti ní kí wọ́n kúrò lọ́la. Ẹni tó ní láti ayé baba ńlá ni wọ́n ti wà níbẹ̀ ti kọ ìwé ilẹ̀ fún wọn láìlo yíǹkì. Ojú yẹn ni a ó fi wo èrò kọ̀ọ̀kan.

Èrò kìíní: omi ni ibi ìsádi

Ìlú Ganvié lórí adágún Nokoué ni àwọn elérò yìí kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Àwọn Tofinu tó tẹ̀ ẹ́ dó ní nígbà tí ogun ẹrú gbóná láàárín àwọn ọdún 1600 sí 1700, tí wọ́n ń kó ènìyàn lọ tà ní Ouidah, inú omi ni àwọn baba wọn sá sí. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún orúkọ ìlú náà kò jìnnà sí “a ti bọ́”. Elisée Soumonni, onímọ̀ ìtàn ọmọ Benin, kọ̀wé lórí àwọn ìlú orí omi wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi. Iṣẹ́ náà wà nínú ìwé tí Sylviane Diouf ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2003 lórí bí àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe kojú òwò ẹrú.

Agbára èrò yìí ni pé ó dáhùn ohun tí àwọn yòókù ń fò dá: kí ló dé tí ẹni tí ilẹ̀ gbígbẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ á lọ kọ́lé sórí omi? Omi kò ṣeé gbin iṣu sí. Ọmọdé lè rì sínú rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà lórí ilẹ̀ tó burú ju omi lọ.

Ibi tí ó ti mẹ́hẹ ni àlàyé tí wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dàhòmì láti jagun lórí omi. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọmọ ogun tí kò mọ ọkọ̀ wà, tó fẹ́ lọ bá ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jà, kò nílò èèwọ̀ kankan kí ó tó ṣẹ́rí padà.

Àléébù tó tóbi jù ni pé èrò náà kò ṣeé gbé dé Èkó bí a ṣe ń gbé ẹrù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé láàárín àwọn ọdún 1800 ni àwọn apẹja Ègùn láti Àgbádárìgì àti ilẹ̀ tó di Benin lónìí tẹ Makoko, ibùgbé orí omi ní Èkó, dó. Títí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ìlú náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté ẹrú tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ń sá fún olówò ẹrú kò ní sá wá síbi tí olówò ẹrú ti ń ná ọjà. Bí ìsádi bá wà nínú ìtàn Makoko, ó ní láti jẹ́ lẹ́yìn ọdún yẹn, tàbí kí ó jẹ́ ìtàn tí wọ́n gbé wá láti Nokoué pẹ̀lú ẹrù wọn.

Èrò kejì: ẹja ni wọ́n tẹ̀ lé

Èyí ni èrò tí ó sún mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn náà jù, ó sì tọ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Omi kan náà ni ó nà láti Nokoué gba Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì wọ Èkó, tó tún lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kkí. Robin Law, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1989, fi hàn pé ojú ọ̀nà òwò ni ọ̀sà yìí ti jẹ́ kí òyìnbó tó dé, àti lẹ́yìn tí ó dé. Nígbà òjò, omi odò a rọ́ wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ a dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a padà wọlé. Ẹja tó wà níbì kan ní oṣù Keje lè má sí níbẹ̀ ní oṣù Kejì. Nítorí náà ni apẹja fi ń ṣí kiri, tó ń pa àgọ́, tó ń tú u. Bí àgọ́ kan bá pẹ́ tí ìyàwó àti ọmọ dé, tí a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí i, tí ẹnìkan di báálẹ̀, ó di ìlú. Orúkọ ṣì máa ń fi ohun tó wà tẹ́lẹ̀ hàn: ní Bàrígà, Àgọ́ Ègùn ni àdúgbò kan ń jẹ́ títí dòní.

Àwọn Ègùn àti Tofinu kì í kàn dẹ àwọ̀n lásán. Wọ́n ń ṣe akaja: wọ́n á ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, ẹja á wá forí pamọ́ sínú rẹ̀, á rí oúnjẹ jẹ, á pamọ, nígbà tó bá tó àkókò, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á tú ẹ̀ka náà, wọ́n á kó ẹja. Oko ni, kì í ṣe ìdẹ lásán. Èyí ṣe pàtàkì sí àríyànjiyàn wa, nítorí pé nínú àṣà gbogbo wa, ẹni tó bá gbin nǹkan sí ibì kan kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó kàn gba ibẹ̀ kọjá. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn apẹja kì í sábà fi akaja ṣe ẹ̀rí. Ilé ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ilé pákó ni ohun tó rọrùn jù láti wó.

Èrò yìí tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ “àtìpó” tí wọ́n fi ń pè wọ́n. Oṣù Kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ààlà yóò gbà láàárín ilẹ̀ tí wọ́n gbà níhìn-ín. Ààlà náà la ilẹ̀ Ègùn sí méjì. Ẹni tí baba rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ wá sí Èkó kí ọdún yẹn tó dé kò kọjá ààlà kankan. Ààlà ló wá kọjá lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni. Bí ẹja bá ni ẹ ń tẹ̀ lé, alátakò á ní, ẹ máa tẹ̀ lé e lọ. Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ tún fi hàn pé ẹja nìkan kọ́ ló ń mú ènìyàn kọ́lé sórí omi: ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ló tẹ ìlú náà dó ní 1947, ìgbàgbọ́ ló kó wọn jọ, wọ́n sì jọ ń ni dúkìá pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àti pé ọ̀pọ̀ ará Makoko lónìí kì í ṣe apẹja mọ́. Ìdọ̀tí ìlú ti ba ọ̀sà jẹ́, ìwayanrìn ti da ìsàlẹ̀ rẹ̀ rú, koríko orí omi tó ti Benin wọ Àgbádárìgì ní 1984 sì ń dí ojú ọ̀nà ọkọ̀.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé elérò yìí fojú fò ni iṣẹ́ obìnrin. Ọkùnrin ló ń da àwọ̀n, obìnrin ló ń yan ẹja, òun ló ń tà á, ọwọ́ rẹ̀ ni owó ń gbà kọjá. Ní ìgbà tí ọ̀sà kò mú ẹja wá tó, àwọn ayanja wá ń ra ẹja yìnyín tó ti òkèèrè wá, wọ́n ń yan án, ọjà ń lọ. Ẹja lè mú ọkùnrin kúrò ní Makoko. Ọjà kò jẹ́ kí obìnrin kúrò.

Èrò kẹta: onílẹ̀ wà

Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, tí ìtàn Èkó so mọ́ ọmọ Olófin, ni onílẹ̀ nínú àṣà Èkó. Olótò wà lára wọn, ìdílé rẹ̀ ni wọ́n sì ka ilẹ̀ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta àti agbègbè rẹ̀ sí. Lójú elérò yìí, àlejò ni apẹja: wọ́n fi ibi ìgúnlẹ̀ hàn án, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ títí tí kò bá sẹ́ onílẹ̀. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà; ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Agbára wọn wà nílé ẹjọ́. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, lórí ilẹ̀ Àpápá, pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ ìdílé, owó ilẹ̀ náà tọ́ sí ìdílé; títẹ́rí-ìlú-ba kò pa ẹ̀tọ́ wọn rẹ́. Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ náà, gbogbo Èkó sì mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ilẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn dá lé. Ṣé àṣẹ onílẹ̀ wọ inú omi, títí dé ibi tí ẹsẹ̀ kò ti kan ìsàlẹ̀ mọ́? Ìṣákọ́lẹ̀ tí apẹja san fi hàn pé àwọn méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Síbẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kan náà ni ẹ̀rí pé onílẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, èyí tí kì í wọ́pọ̀ lẹ́nu onílẹ̀ ní ọjọ́ tí oníṣòwò ilé bá dé pẹ̀lú owó ńlá.

Èrò kẹrin: ìjọba ló ni omi

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861 ni Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ni òfin ti ń sún ọwọ́ ìjọba wọ inú omi. Nínú ẹjọ́ John Holt tó parí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1915, ilé-iṣẹ́ olówò ti fi yanrìn kún etí ọ̀sà níwájú ilé wọn. Ìdájọ́ ni pé ìjọba ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kún, ṣùgbọ́n a kò lè lé àwọn tó ti fi owó wọn kún un, tí ìjọba sì ń wò wọ́n. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 wá fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá ẹ̀tọ́ ẹni tó ti ń lo ilẹ̀ kí òfin náà tó dé sí. Ìjọba àpapọ̀ gbé àjọ NIWA kalẹ̀ ní 1997 láti máa bójú tó ojú omi inú ilẹ̀. Abuja àti Èkó ń bá a fà títí di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2024, nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé NIWA ló ni àṣẹ.

A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ìdí tí ìjọba ń sọ sẹ́yìn. Ilé orí omi wà lábẹ́ wáyà iná olóró, ó wà nítòsí òpó afárá. Ìgbẹ́ ń lọ tààrà sínú omi tí ọmọdé ń wẹ̀. Iná ọ̀kan lè jó ọgọ́rùn-ún. Ní 2016, ìjínigbé láti ojú omi wà lára ìdí tí gómìnà Akínwùnmí Ambode fi kéde pé òun yóò wó àwọn àgọ́ etí omi. Ìjọba tó bá dákẹ́ lórí gbogbo èyí, tí jàǹbá wá ṣẹlẹ̀, àwa náà la ó bú u.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni ó ba èrò náà jẹ́. Ní oṣù Keje 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Rájí Ràsákì, wọ́n wó Maroko, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ àti apẹja lórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island; 300,000 ni iye ènìyàn tí wọ́n máa ń dárúkọ. Ní oṣù Keje 2012, wọ́n fún apá kan Makoko ní wákàtí 72, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé òpó ilé, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn olórí àdúgbò kí iṣẹ́ náà tó dúró. Otodo Gbame, ìlú Ègùn lápá Lẹ́kkí, ni ó ṣeni ní kàyéfì jù: ilé-ẹjọ́ ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kan àwọn ìlú etí omi ní oṣù Kọkànlá 2016, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni iná àti katakátá dé, wọ́n padà wá ní oṣù Kẹta àti Kẹrin 2017. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2017, Adájọ́ Adéníyì Onígbànjo ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó sọ pé lílé ènìyàn bẹ́ẹ̀, láìpèsè ibòmíràn fún wọn, tàpá sí iyì ènìyàn tí òfin ilẹ̀ wa dáàbò bò.

Kò sí ohun tó tako èrò kẹrin tó Banana Island ní Èkó. Omi ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yanrìn ni wọ́n kó dà sí i tí ó fi di erékùṣù olówó. Bí kíkún ọ̀sà bá lòdì sí àyíká, ó yẹ kó lòdì níbi gbogbo. Bí kò bá lòdì, èérún pákó tí ará Makoko fi ń kún iwájú ilé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí i ju owó lọ. Lójú tèmi, ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́ omi sọ́nà. Pé ẹ̀tọ́ yẹn fún un láyè láti lé ènìyàn kúrò láìsan nǹkan kan, ẹjọ́ 1915 pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀ fún olówò òyìnbó.

Èrò karùn-ún: ìlú ńlá ló tì wọ́n síbẹ̀

Àwọn onímọ̀ ìlú ní kí a gbàgbé baba ńlá. Owó ilé ló wọ́n lórí ilẹ̀. Ẹni tí kò rí owó ọdún méjì san fún onílé ń wá ibi tí pákó àti páànù bá ti tó. Èyí tọ́ fún ọ̀pọ̀ tó dé láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ó sì ṣàlàyé ìdí tí àwọn tí wọ́n lé ní Maroko fi tún bẹ́ sí etí omi mìíràn. Ṣùgbọ́n tálákà Èkó pọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọn kò sì lọ kọ́lé sórí ọ̀sà. Òṣì nìkan kò kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà.

Èrò kẹfà: ẹ tún un ṣe, ẹ má wó o

Ní 2006, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò 200 mílíọ̀nù dọ́là fún Èkó, Makoko sì wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ní 2013, ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí parí ilé-ìwé tó léfòó lórí àgbá oníke 256. Gbogbo ayé yìn ín. Òjò ńlá wó o ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2016, ọdún kan náà tí àwòṣe rẹ̀ gba ẹ̀bùn ní Venice. Lẹ́yìn wàhálà 2012, àwọn ará Makoko àti Ìwáyà pẹ̀lú àwọn àjọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kọ ètò àtúnṣe tiwọn, wọ́n gbé e fún ìjọba. Ní 2019, wọ́n fi dúróònù ya àwòrán ilẹ̀ Makoko, tó jẹ́ àlàfo lásán lórí ọ̀pọ̀ máàpù tẹ́lẹ̀.

Ohun tó dára nínú èrò yìí ni pé kò dúró de ìdáhùn ìtàn kó tó ṣiṣẹ́. Ohun tí kò dára ni pé ó fẹ́ràn ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò. Ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ kì í gba ẹ̀bùn ní Venice. Àtúnṣe láìsí ìwé ẹ̀tọ́ tún lè gbé owó ilé ga, kí ayálégbé sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ohun tí kò tíì yanjú

Mẹ́ta ni mo kà sí pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ dídé. Makoko kì í ṣe ìlú kan. Oko Agbon, Adogbo, Migbewhe, Yanshiwhe, Sogunro àti Apollo ni wọ́n so pọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a fi ń jiyàn fún gbogbo wọn kò lè tọ̀nà, bóyá olùgbèjà ló sọ ọ́ ni tàbí ìjọba.

Èkejì ni ohun tó wà láàárín omi àti ilẹ̀. Ìdájọ́ 2024 sọ ẹni tó ń tọ́jú ojú omi. Kò sọ ẹni tó ni àkìtàn àti èérún pákó tí ìdílé kan ti fi ọgbọ̀n ọdún kún títí ó fi di ilẹ̀, kò sì sọ bóyá akaja jẹ́ oko tí a gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí a bá tú u.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ojú tí a fi ń wò wọ́n. Láti 1996 ni Ganvié ti wà lórí àkọsílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè Benin fi ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n gbé yẹ̀ wò bí ogún àgbáyé. Ẹ̀yà kan náà, òpó kan náà, ọ̀sà tó so pọ̀ mọ́ra: ní apá kan ààlà ogún ni, ní apá kejì ìdọ̀tí ni. Nínú gbogbo èrò mẹ́fà tí a ti yẹ̀ wò, kò sí èyí tó ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn dáadáa.

Ní ti iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn kan ń sọ ẹgbẹẹgbàárùn-ún, àwọn kan ń sọ ju 250,000 lọ fún Makoko nìkan. Ìkànìyàn tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, 2006 ni.